Ẹsẹ̀ ni àbúrò mi lóun fẹ́ẹ́ máa tún ṣe, ni wọ́n bá ń fi í rẹ́rìn-ín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, tàbí ti gbajúmọ̀ òṣèré kan tó kó ẹrù jáde nílé ọkọ, kíá lẹ ó ti kà á tán. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tá a fi ń sáré tẹ̀ lé àwọn ìròyìn ọ̀hún kiri, ta ló ń bi í léèrè bó ṣe jí láàárọ̀? Ó dìgbà tó bá ń dùn wá ká tó rántí pé ó wà lára wa. Òun ló jìnnà sójú jù, òun ló sún mọ́ ìdọ̀tí jù, òun náà ló sì gbé gbogbo wa dúró.

Ìjọ́ra ni mò ń gbé, ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Ẹni tó bá dúró sí ibùdókọ̀ Seven-Up láàárọ̀ kùtù, ẹsẹ̀ ló máa rí. Àwọn ìyá tó ń ta òkú Èkó á ti máa ru páálí ẹja tó ti dì gbagidi bọ̀, omi yìnyín á máa ro sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń já ẹrù á máa fò sókè, wọ́n á máa fò sílẹ̀ lára tirélà. Àwọn ará Bàdíà á máa gba ojú irin kọjá lórí òkúta wẹ́wẹ́, sílípáàsì ló sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí òjò bá wá rọ̀, omi á bo gbogbo kòtò, ìṣó àti àfọ́kù ìgò á sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é? Ní Ìjọ́ra tiwa, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá bàjẹ́, oúnjẹ ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ni dókítà àkọ́kọ́ nínú ẹbí wa. Bàbá wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, màmá wa ṣì ń ta òkú Èkó, owó ẹja yẹn ló sì rán an níléèwé títí tó fi jáde. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, Póli ni mo lọ, iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́, wọ́n kí mi kú oríire, ó tán síbẹ̀. Dókítà ni gbogbo ilé ń dúró dè. Nígbà tó wá ṣe ọdún kan tí wọ́n fi ń dán dókítà tuntun wò nílé ìwòsàn, tó tún sin ìlú ẹ̀ tán, bàbá wa pe ẹbí jọ, wọ́n ní kó sọ ẹ̀ka tó fẹ́ẹ́ mú. Ó ní eegun ni òun máa ṣe, àti pé nínú eegun ọ̀hún, ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ gan-an ni òun fẹ́ẹ́ dojú kọ.

Ẹsẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó wá láti Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo owó tá a ná, àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn lo fẹ́ẹ́ máa wò lójoojúmọ́?" Màmá wa ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, ṣùgbọ́n inú wọn ò dùn. Wọ́n ní, "Dókítà, ṣé ọkàn ò sí mọ́ ni? Ṣé ọpọlọ ò sí? Bí mo bá dé ọjà, kí ni màá ní ọmọ mi ń ṣe?" Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí wa ní bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ náà ló wù ú, kó yáa lọ ìlú Ọba lọ ṣe é, ó kéré tán, pọ́n-ùn ni wọ́n á fi san owó ẹ̀.

Ọmọ náà ò bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ka eegun fún yín." Ó ní eegun tó wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, láti ọrùn ẹsẹ̀ wá sílẹ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n (26) ni. Tẹ́ ẹ bá ka ẹsẹ̀ méjèèjì, ó di 52. Eegun tó wà lára àgbàlagbà látòkè délẹ̀, 206 ni. Ó já sí pé nínú gbogbo eegun mẹ́rin tí Ọlọ́run fún wa, ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan wà nínú ẹsẹ̀. Ó ní, "Bàbá, Ọlọ́run tó kó eegun tó tó báyẹn síbi kékeré yẹn, ṣé ẹ rò pé ohun yẹpẹrẹ ló ń ṣe?" Ilé dákẹ́.

Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn fún ọdún díẹ̀, mo mọ̀gbà tí ọ̀rọ̀ bá ní ìdí. Èmi àti ẹ̀ jọ jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Ìgbà yẹn ló dárúkọ ìyá kan tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti màmá wa. Ìyá Ẹlẹ́ja la máa ń pè wọ́n. Ìyá yìí ní àtọ̀gbẹ, èyí tá à ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Lọ́jọ́ kan, ìṣó gún sílípáàsì wọn, ó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, wọn ò mọ̀. Ẹ má rò pé irọ́ ni mò ń pa. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ lára fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń pa àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, ẹsẹ̀ á wá kú tipiri. Ìyá yìí rìn lórí ìṣó yẹn látàárọ̀ títí dalẹ́, ọmọ wọn obìnrin ló rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní í dárúkọ. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wẹ egbò lójú, tí wọ́n ń fi báńdéèjì dì í. Kò sẹ́ni tó yẹ ṣúgà wọn wò, kò sẹ́ni tó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó ti bọ́. Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà. Ìṣó kan ṣoṣo o! Ìyá tó ń ru páálí ẹja méjì lẹ́ẹ̀kan náà wá di ẹni tí wọ́n ń gbé jókòó. Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ la lè gbà là. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni tó mọ ẹsẹ̀ dáadáa rí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa gé ibi tó ti jẹrà kúrò, ó máa wá ọ̀nà tí wọ́n á fi ká ṣúgà náà lọ́wọ́ kò, kò sì ní í jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ títí tó fi máa jinná. Mo fẹ́ẹ́ jẹ́ ẹni yẹn."

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti ọ̀gbẹ́ni ọlọ́kadà àdúgbò wa kan. Èyí ti pẹ́ díẹ̀, kí ìjọba Èkó tó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní Àpápá, Lagos Mainland, Sùúrùlérè àti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta mìíràn ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, 2022. Mọ́tò kọ lù ú, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ òsì ṣẹ́. Àwọn ará ilé gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Mi ò bú wọn o, ẹ̀yin náà mọ̀ pé eegun míì wà tí wọ́n tò tó sì jinná. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ kì í ṣe eegun gbọọrọ kan lásán, oríkèé ni, eegun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀ bíi férémù àti ilẹ̀kùn. Bí férémù bá fi bíńtín yẹ̀, ṣé ilẹ̀kùn á pa dé? Bí wọ́n bá sì fi ọparun dì í le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní í rí ọ̀nà kọjá, ẹsẹ̀ lè kú mọ́ inú ìdì náà. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí ò kú, ṣùgbọ́n ó jinná sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ni ọlọ́kadà fi ń tẹ jíà. Kí ìjọba tó lé ọ̀kadà kúrò nígboro, ọ̀kadà ti lé òun dànù.

Ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ ò jìnnà. Ará Èkó wo ni ò mọ Ìgbòbì? Bí ọmọ bá ń gun igi lágbàlá, ohun tí ìyá ẹ̀ máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé Ìgbòbì lo fẹ́ẹ́ sùn lónìí ni?" Ẹsẹ̀ ogun ló sì dá Ìgbòbì sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ló kọ́kọ́ jẹ́, ní 1945 ló di ilé ìwòsàn. Nígbà tó yá, Enúgu àti Dálà ní Kánò náà ní tiwọn, àwọn mẹ́ta yìí ni gbogbo Nàìjíríà gbójú lé fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ eegun. Ẹ ronú sí i, ẹ ka iye èèyàn tó wà ní Èkó nìkan, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá dókítà eegun ti pọ̀ jù.

Ẹni tó bá tún ń sọ pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, kó lọ béèrè nípa Sir Samuel Manuwa. Ọmọ Ìtẹ̀bú-Manuwa ni wọ́n, ọdún 1903 ni wọ́n bí wọn. Àwọn ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè FRCS, oyè àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ nílùú òyìnbó, nígbà tí òyìnbó ṣì ń rò pé adúláwọ̀ ò lè di ọ̀bẹ mú. Wọ́n di ọ̀gá àgbà pátápátá fún ètò ìlera ìjọba. Kí wá ni wọ́n fi ọwọ́ wọn ṣe tí ìtàn fi ń rántí? Ọ̀bẹ kan ni, tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò ńlá, irú èyí tó máa ń jáde lójúgun àti lẹ́bàá kókósẹ̀ àwọn àgbẹ̀, tó ń bá wọn gbé fún ọdún mẹ́wàá. Ọkùnrin tó dé ipò tó ga jù bẹ̀rẹ̀ síbi tí egbò ti ń rùn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 1756, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Percivall Pott já bọ́ lórí ẹṣin ní Old Kent Road nílùú Lọ́ńdọ̀nù, títì tí àwọn èèyàn wa tó ń gbé Peckham ń gbà lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣẹ́, eegun yọ síta. Wọ́n ní kò jẹ́ kí wọ́n gbé òun janjan, ṣe ló ní kí wọ́n lọ ra ilẹ̀kùn kan wá, orí ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n gbé e sí délé. Àwọn dókítà ti fẹ́ẹ́ gé ẹsẹ̀ ọ̀hún, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ní kí wọ́n ṣì fọwọ́ mú ọ̀bẹ ná. Ẹsẹ̀ náà jinná. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, títí dòní sì ni wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pe irú ọrùn ẹsẹ̀ ṣíṣẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ nínú ohun tí àbúrò mi sọ ni ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwọ́. Ẹ ti rí wọn rí, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á yíjú sínú, bíi ẹni tó ń wo ara ẹ̀. Nínú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ, ọ̀kan máa ń wáyé bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹjọ́ ìyá ọmọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá, wọ́n á ní ó rìn lóru, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Ignacio Ponseti, ọmọ ilẹ̀ Spéènì, bàbá ẹ̀ máa ń tún aago ṣe, òun náà sì ń bá a dì í mú nígbà tó wà ní kékeré. Ogun lé e kúrò nílùú ẹ̀ ní 1939, ó sì bá ara ẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n la ẹsẹ̀ wọn yánnayànna, bí wọ́n bá dàgbà, ẹsẹ̀ á le gan, á máa dùn wọ́n. Ó wá ní kí wọ́n dá ọ̀bẹ ńlá dúró.

Ohun tó ṣe rọrùn bí aago títún ṣe. Wọ́n á rọra fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀ sípò díẹ̀, wọ́n á fi pí-ó-pí dì í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á tú u, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á tún dì í. Bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré gé iṣan gìgísẹ̀ fún wọn kó lè na. Lẹ́yìn náà, bàtà méjì tí wọ́n fi ọ̀pá so pọ̀ ni ọmọ á máa wọ̀, ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ tọ̀sán-tòru fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn, kìkì bó bá ń sùn, títí tó fi máa tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣé ẹ rí i pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò? Ponseti gbé iṣẹ́ yìí jáde nínú ìwé ní 1963, ọ̀pọ̀ dókítà ò dá a lóhùn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Kò jáwọ́. Àwọn òbí tí ọmọ wọn rìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ẹ̀. Nígbà tó kú ní 2009, lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún, gbogbo ayé ló ti ń ṣe é, títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọmọ di irú èèyàn báyìí, ọ̀nà ẹ̀ jìn o. Ọdún mẹ́fà ni yunifásítì, bí ASUU ò bá yanṣẹ́ lódì, torí ní 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn. Ọdún kan ìdánwò nílé ìwòsàn, ọdún kan ìsìnlú. Lẹ́yìn náà ló máa ṣèdánwò kó tó rí àyè wọlé láti kọ́ṣẹ́ eegun, ìyẹn náà tó bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, wọ́n á máa fi ìdánwò há a láàárín. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ní ọ́fíìsì wọn ní Yábàá níbí, ìwé ẹ̀rí wọn sì ń jẹ́ ní gbogbo àgbègbè wa. Ẹni tó wọ yunifásítì lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó dọ̀gá. Bó bá wá fẹ́ kó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan, ó sábà máa ń lọ ọdún kan sí i lókè òkun.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àbúrò mi ti ṣèdánwò àwọn ìlú Ọba, ó ti yege. Wọ́n sì ti gbà á síṣẹ́ láti kọ́ eegun níbí. Ìwé méjèèjì wà lórí tábìlì. Ní oṣù kẹrin, 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá gbé àbá òfin kan tí Ganiyu Johnson láti Èkó mú wá kọjá ìpele kejì, pé kí dókítà tó bá kàwé jáde nílé fi ọdún márùn-ún ṣiṣẹ́ níbí kó tó gba ìwé àṣẹ tó pé. Àwọn dókítà fárígá, wọ́n sì yanṣẹ́ lódì lóṣù karùn-ún, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n ń bínú sí. Àbá náà ò di òfin. Lójú tèmi, ẹ ò lè fi okùn so dókítà mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ẹ san owó wọn lásìkò, ẹ jẹ́ kí iná wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí irin tí wọ́n fi ń to eegun wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá wọ́n á lọ.

Bó bá sì lọ, tó lọ kọ́ ẹ̀ka ẹsẹ̀ yẹn tó sì padà wá, màá pa adìẹ. Bí kò bá padà, mi ò ní í ṣépè. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò ní í ṣe láé, mi ò ní í bá wọn fi iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín mọ́ ọn lójú.

Torí mo ti rí èrè ẹ̀. Gbogbo Sátidé tó bá wà nílé, ó máa ń lọ wo ẹsẹ̀ kan tó kù fún Ìyá Ẹlẹ́ja. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá ti gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀, èkejì wà nínú ewu gidi. Á gbé e lé orúnkún ẹ̀, á wo àárín ọmọ ìka, á fi òwú tín-ín-rín kan àtẹ́lẹsẹ̀ kó lè mọ ibi tó ti kú. Kò gba kọ́bọ̀. Nígbà kan, ìyá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé, "Dókítà mi, ṣé èyí ò ní í lọ?" Ó ní, "Ìyá, a jọ ń ṣọ́ ọ ni." Màmá wa wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá béèrè lọ́jà pé iṣẹ́ wo lọmọ wọn ń ṣe, wọ́n á ní, "Ẹsẹ̀ ni, wá jẹ́ kó wo tìẹ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ibi tí orúkọ ẹ̀ dùn létí nìkan lẹ ó máa lé e lọ. Ẹ bi í léèrè ibi tí àwọn èèyàn àdúgbò yín ti ń sunkún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé. Ẹ má fi omi gbígbóná dán ẹsẹ̀ yín wò, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi dán omi wò. Ẹ má fi abẹ gé kókó ẹsẹ̀ fúnra yín. Ọgbẹ́ tẹ́ ẹ bá rí lónìí, ilé ìwòsàn ni lọ́la, ẹ má jẹ́ ó di ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní ẹsẹ̀ wíwọ́, ẹ gbé e lọ nígbà tí eegun ẹ̀ ṣì rọ̀, ẹ fi ìyá ọmọ sílẹ̀, kò rìn lóru.

Gbogbo wa pátá, kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ tan iná, ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ yín sókè, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Òun ló máa gbé yín jáde lọ́la.